Iṣẹ́ Tí Lẹ́tà Ìparí Ń Ṣe Nínú Orúkọ Ọmọbìnrin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín. Àkòrí tí ẹ gbé fún mi lónìí lè jọ ọ̀rọ̀ eré lójú ẹni tí kò tíì jókòó ti ìwé orúkọ rí. Ọ̀pọ̀ òbí tó ń retí ọmọbìnrin ló máa ń sọ pé lẹ́tà a ni àwọn fẹ́ kí orúkọ náà fi parí, tàbí e, yálà nítorí pé orúkọ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà parí bẹ́ẹ̀ tàbí nítorí pé ó kàn wù wọ́n. N kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé lẹ́tà tí ojú ń rí àti ìró tí etí ń gbọ́ kì í fi gbogbo ìgbà bára wọn mu, àti pé ìró ni ọmọ yóò máa dáhùn sí.

Ẹ jẹ́ kí a mú lẹ́tà e. Charlotte, Jane, Rose, Chloe àti Renée, gbogbo wọn ló fi e parí nínú ìwé. Ẹ wá pè wọ́n sókè bí àwọn tó ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n. Ìró t ló parí Charlotte, ìró n ló parí Jane, ti Rose sì parí sí z tí èdè tiwa kò ní rárá. Chloe bọ́ sórí ìró i. Nínú márààrún, Renée nìkan ni a ti gbọ́ e ní ìparí. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà h: ó dákẹ́ fọ́ọ́ nínú Sarah, Hannah àti Leah, àmọ́ nínú Ruth àti Edith, ṣe ló so pọ̀ mọ́ t láti di ìró kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi lẹ́tà ìparí to orúkọ yóò wá ya Sara kúrò lára Sarah, yóò sì fi Sarah sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ruth, bẹ́ẹ̀ etí kò ní gbà fún un.

Nínú gbogbo lẹ́tà, a ló gbajúmọ̀ jù fún ọmọbìnrin, ìtàn rẹ̀ sì jìn. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ máa ń fi orúkọ ìdílé bàbá pe ọmọbìnrin, tí wọn yóò yí ìparí rẹ̀ padà: ọmọbìnrin ìdílé Julius di Julia, ti Claudius di Claudia, ti Cornelius di Cornelia. Látinú èdè Látìn ni àṣà yìí ti wọ èdè Ítálì àti ti Sípéènì. Èdè Lárúbáwá gba ọ̀nà tirẹ̀ dé ibi kan náà pẹ̀lú Fátímà, Àmínà àti Khadija, gẹ́gẹ́ bí èdè Hébérù ṣe dé e pẹ̀lú Hannah àti Deborah. Ní Rọ́ṣíà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo orúkọ obìnrin ló fi a parí, bíi Olga, Tatyana àti Natalya, tí Lyubov sì jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba tó yàtọ̀.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé lẹ́tà a jẹ́ ẹ̀rí tó dájú pé obìnrin ló ń jẹ́ orúkọ. Ọkùnrin ni Seneca àti Agrippa ní Róòmù, ọkùnrin ni Nikita àti Ilya ní Rọ́ṣíà, ọkùnrin ni Hamza. Andrea jẹ́ orúkọ ọkùnrin ní Ítálì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé Sípéènì, obìnrin ni. Ẹ sì tún wo Jàpáánì, níbi tí àìmọye ọmọbìnrin ti jẹ́ Keiko, Michiko àti Yoko ní ọ̀rúndún tó kọjá: etí tó ti mọ́ Pablo àti Diego, orúkọ ọkùnrin Sípéènì tó fi o parí, yóò rò pé ọkùnrin ni wọ́n. Ìdílé tó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn ní láti ro èyí dáadáa, nítorí pé ní àwọn ibòmíràn, gírámà pàápàá ń wo ìparí orúkọ. Nínú èdè Rọ́ṣíà, ìparí Olga ń yí padà bí iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbólóhùn bá ṣe rí, àmọ́ Carmen, tó parí sí kọ́ńsónáǹtì, yóò dúró bó ṣe wà tí obìnrin bá ń jẹ́ ẹ. Ní Jámánì, ọdún 2008 ni ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ tó sọ pé kò sí òfin tó ní dandan ni kí orúkọ fi hàn bóyá ọkùnrin ni ọmọ tàbí obìnrin.

Ìgbà pẹ̀lú máa ń yí lẹ́tà padà. Nínú àkọsílẹ̀ àjọ Social Security Administration ti Amẹ́ríkà, orúkọ mẹ́wàá tí wọ́n sọ ọmọbìnrin jù ní 1970 ní márùn-ún tó fi y parí: Kimberly, Amy, Tammy, Mary àti Tracy. Mẹ́ta péré ló fi a parí. Ní 2023, kò sí ẹyọ kan tó fi y parí nínú mẹ́wàá náà, mẹ́jọ ló sì fi a parí: Olivia, Emma, Amelia, Sophia, Mia, Isabella, Ava àti Luna. Òbí tó rò pé etí òun nìkan ló yan a fún òun, ẹ bá mi bi í bóyá kì í ṣe ìgbà ló ń bá a yàn án. Emma náà kì í ṣe tuntun. Ó wà lára mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní 1880.

Lójú tèmi, ibi tó yẹ kí òbí fetí sí jù ni ibi tí orúkọ ọmọ ti pàdé orúkọ ìdílé, nítorí àlàfo tó wà láàárín wọn nínú ìwé kì í sí lẹ́nu. Nínú Anna Adams, fáwẹ̀lì méjì wọnú ara wọn, olùgbọ́ kò sì ní mọ̀ bóyá Ann ni tàbí Anna. Nínú Alice Stone, s kan gbé èkejì mì. Ẹ pààrọ̀ wọn sí Anna Stone àti Alice Adams, wọn yóò dúró gedegbe, bẹ́ẹ̀ a kò fọwọ́ kan lẹ́tà kankan. Ẹ tún dán an wò bí ẹni tó ń ké pe ọmọ láti òkèèrè: lẹ́tà a tó parí Sophia ṣeé fà gùn bí èémí bá ṣe tó, ṣùgbọ́n t inú Charlotte kò ṣeé fà, fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀ ni a óò fà.

Ó ku ìgékúrú, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rò tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà ìparí tí òbí fara balẹ̀ yàn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ: Victoria di Vicky, Rebecca di Becky, Amanda di Mandy, Elizabeth sì lè di Beth, Betty tàbí Eliza, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìparí tirẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ìgékúrú ni ẹ ó máa pe ọmọ náà nínú ilé, ìparí ìgékúrú yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó padà wá orúkọ gígùn tó lè gbé e.