Kí Ló Dé Tá A Fi Ń Sún Owó Ìfẹ̀yìntì Síwájú?

Ẹ káàbọ̀ o. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọjọ́ iṣẹ́ ò lè wà títí, síbẹ̀ "màá bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ìfẹ̀yìntì pamọ́ lóṣù tó ń bọ̀" la máa ń wí, oṣù yẹn á dé, a tún á wí i. Kì í ṣe pé a gọ̀ o, bí ọkàn èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé owó tó wà lọ́wọ́ báyìí máa ń dùn ún ná, àmọ́ arúgbó tá a máa dà lọ́la, bí àlejò ló rí lójú wa. Hal Hershfield àtàwọn tí wọ́n jọ ṣèwádìí fi kọ̀ǹpútà sọ ojú àwọn èèyàn di ti arúgbó, àbájáde ẹ̀ jáde ní 2011, àwọn tó rí ara wọn pẹ̀lú irun funfun ló fẹ́ ya owó tó pọ̀ sọ́tọ̀ fún ìfẹ̀yìntì ju àwọn tí ò rí i lọ.

Ìdí kejì ni òfò. Kahneman àti Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, ti kọ ọ́ látọdún 1979 pé owó tó bọ́ lọ́wọ́ wa máa ń dùn wá ju bí irú iye yẹn tó wọlé ṣe ń múnú wa dùn. Torí ẹ̀, tí wọ́n bá yọ díẹ̀ nínú owó oṣù, ńṣe ló ń ṣe wá bíi pé wọ́n jà wá lólè, bẹ́ẹ̀ owó wa náà ni!

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Thaler àti Benartzi, àwọn onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń náwó, ò bá àìlera yìí jà, wọ́n kàn lò ó ni. Wọ́n ní ẹ má yọ nǹkan kan lónìí, ẹ ṣáà fọwọ́ sí i pé nígbàkígbà tí wọ́n bá fi kún owó oṣù yín, kí díẹ̀ nínú àfikún yẹn máa lọ sí owó ìfẹ̀yìntì. Owó tẹ́ ẹ ń gbà lọ́wọ́ ò dín, ẹ ò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Níbi iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, láàárín 40 oṣù, ohun táwọn tó wọ̀ ọ́ ń fi pamọ́ kúrò ní ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, ó di 13.6. Ọ̀lẹ tí ò fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù láti bẹ̀rẹ̀, ṣé ó máa kọ fọ́ọ̀mù láti jáde ni?

Àmọ́ ìwà ọ̀lẹ yẹn náà lè pa yín lára o. Madrian àti Shea rí i ní ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ìwádìí wọn jáde ní 2001: ilé iṣẹ́ náà forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun sílẹ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì láìdúró kí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù, iye àwọn tó wọ̀ ọ́ lọ sókè gan-an lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí wọ́n bá níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ò yí padà. Tí wọ́n bá ti forúkọ tìẹ náà sílẹ̀, lọ wo iye tí wọ́n ń yọ, kó o bi ara ẹ bóyá ìwọ lo mú un.