Ta Ló Wà Nínú Ìwé Orúkọ? Ọ̀nà tí Owó Ìlera Mẹ́kúnnù Ń Gbà Dé Wọ́ọ̀dù

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo aláboyún kan tó ń kiri àgbàdo sísè ní Ìbàdàn. Oṣù rẹ̀ ti pé. Agbẹ̀bí ní hẹ́lìtì sẹ́ńtà wò ó, ó ní iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbẹ̀bí rẹ̀, kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Ọkọ rẹ̀ ń sáré káàkiri, ó ń wá ẹni tó máa yá a lówó. Àwọn méjèèjì ò mọ̀ pé òfin ilẹ̀ wa ti pèsè owó fún irú iṣẹ́ abẹ yẹn gan-an, fún ẹni tí kò ní. Owó wà. Orúkọ ìyá ọmọ ni kò sí nínú ìwé.

Nínú fídíò yìí, a fẹ́ tọ ipasẹ̀ owó yẹn láti Àbújá títí dé wọ́ọ̀dù, ìyẹn àdúgbò tí kánsẹ́lọ̀ ń ṣojú fún, ká lè rí ibi tó ti ń já.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó. Nínú gbogbo náírà 10 tí à ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, ó ju 7 lọ tó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde. Ẹni tó ní á rọ́nà gbé e gbà. Ẹni tí kò ní á ta ẹ̀rọ ìránṣọ tó fi ń jẹun, tàbí kó jókòó sílé kó máa mu àgbo títí àìsàn á fi wọra. Ní 2001, Àbújá yìí náà ni àwọn olórí Áfíríkà ti pàdé, tí wọ́n ṣèlérí pé ìlera yóò máa gba ìdá 15 nínú 100 ìṣúná wọn. Nàìjíríà ò tíì dé ibẹ̀ rí.

Ní 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè. Ẹ̀ka 11 òfin náà dá àpò kan sílẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pè ní BHCPF. Ó kéré tán, ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ ló gbọ́dọ̀ máa bọ́ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ wo bí òfin ṣe pín in. Ìdá 50 lọ sí ètò adójútòfò, ìyẹn owó ìtọ́jú àwọn aláìní. Ìdá 20 wà fún oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, 15 fún ilé, irinṣẹ́ àti ọkọ̀, 10 fún òṣìṣẹ́, 5 fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin gbáko ló fi sùn kí owó tó kọ́kọ́ fara hàn nínú ìṣúná, ní 2018: bílíọ̀nù 55 náírà.

Owó kúrò ní Àbújá, ó ku ìpínlẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀: òfin ní bí ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ kò bá mú ìdá 25 nínú 100 owó iṣẹ́ náà wá, kí wọ́n má fún un. Nítorí náà, nígbà míì tí ẹ bá rí hẹ́lìtì sẹ́ńtà tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí, ẹ má kàn bú Àbújá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ gómìnà àti alága káńsù yín.

Tí owó bá wá dé ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ni ètò náà kọ́kọ́ mú. Inú àkáǹtì ilé ìwòsàn yẹn fúnra rẹ̀ ni owó ń wọ̀, kò gba ọwọ́ káńsù kọjá. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó tó 300,000 náírà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Owó yẹn ò lè kọ́lé, ṣùgbọ́n ó lè ra ìbọ̀wọ́, kó tún ẹ̀rọ omi ṣe, kó san owó ẹni tó ń gbálẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù ló yẹ kó bá nọ́ọ̀sì àgbà jókòó láti pinnu ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Àwọn ará àdúgbò ló pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ yìí. Ní tèmi, ìgbìmọ̀ yìí ló lágbára jù nínú gbogbo ètò náà, òun náà sì ni ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ mọ alága tiyín?

Ó wá ku ìdá 50 tó jẹ́ ti adójútòfò. Adójútòfò dà bí èsúsú tó jẹ́ pé ẹni tí àìsàn bá kọlù nìkan ló ń kó o. Bí talákà kò bá ní owó tí yóò dá, àpò BHCPF ló ń dá a fún un. Òfin NHIA ti 2022, ìyẹn òfin àjọ adójútòfò ìlera orílẹ̀-èdè, tún fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀: ó sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo ènìyàn, ó sì dá owó sọ́tọ̀ fún aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó, akàndá ẹ̀dá àti aláìní. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní ètò adójútòfò tiwọn: Èkó ní Ìlera Èkó, Ọ̀yọ́ ní OYSHIA, Ògùn ní OGSHIA. Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Òǹdó náà ní tiwọn.

Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀? Ẹni tó wá ni, ẹni tó ní NIN, ẹni tó gbọ́ ìpolongo, nígbà míì ẹni tó mọ kánsẹ́lọ̀. Alábàárù tó ń sùn nínú ọjà Bódìjà, tó ti ìpínlẹ̀ míì wá, wọ́ọ̀dù wo ni tirẹ̀? Ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ ti dá mọ́lé, ta ló máa gbé e lọ ya fọ́tò?

A ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe é lọ́nà míì. Ní 2009, lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, tóun náà jẹ́ dókítà, ìpínlẹ̀ Òǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dore. Wọn ò jókòó de aláboyún. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ ìlera lọ bá wọn lójúlé, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọn obìnrin tó ń bójú tó. Wọ́n pín fóònù fún àwọn aláboyún kí wọ́n lè pè bí ìrọbí bá mú wọn lóru. Nígbà tó yá, wọ́n gbé Agbẹ̀bíyè kalẹ̀: wọ́n bá àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ṣàdéhùn pé bí wọ́n bá mú aláboyún wá sílé ìwòsàn, wọn ò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, torí ẹni tó o fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ò sì fún un ní nǹkan, kò ní bá ọ ṣe.

Ihò kan ṣì wà tí kò yẹ ká fò dá. Ohun tí BHCPF kọ́kọ́ san owó rẹ̀ ni ìtọ́jú oyún, ìbímọ títí kan iṣẹ́ abẹ, àìsàn ọmọdé, ìfètòsọ́mọbíbí àti ibà. Fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, àyẹ̀wò ni. Bàbá àgbà á mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ga. Oògùn tó gbọ́dọ̀ máa lò lóṣooṣù, àpò rẹ̀ ló tún kù sí. Ẹ béèrè bóyá ètò ìpínlẹ̀ yín ti fi oògùn kún un.

Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì: bí mọ́tò bá gbá ènìyàn, tí ilé ìwòsàn ní ẹ kọ́kọ́ sanwó kí àwọn tó fọwọ́ kàn án, ẹ̀ka 20 òfin 2014 kan náà sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì.

Bí ẹ bá dé hẹ́lìtì sẹ́ńtà wọ́ọ̀dù yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè bóyá òun ni BHCPF mú, ẹ béèrè ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù ń jókòó, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n tún máa forúkọ sílẹ̀. Ẹ mú NIN dání. Bí aládùúgbò yín tí kò lè rìn kò bá ní in, ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.