Ta Ni Afínjú, Ta Sì Ni Aláṣejù?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ẹ wo ìyá tó dúró ti àpò gààrí yìí, lọ́jà Ìjẹ̀bú-Òde. Ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó fẹ́ ẹ, ó sọ díẹ̀ sẹ́nu, ó ní kí wọ́n tú àpò mìíràn. Ọmọ tó ń tajà fajú ro: "Ìyá, ẹ mà fínjú jù o!" Ó fẹ́ fi sọ̀kò ọ̀rọ̀ ni. Ó ṣe, oríyìn ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká jọ tú ọ̀rọ̀ náà wò.

Afínjú. Fínjú ni ìṣe. "A" iwájú rẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣe é, bó ṣe sọ pẹja di apẹja, tó sọ kọ̀wé di akọ̀wé. Fínjú fúnra rẹ̀, fín àti ojú ló so pọ̀. Ibo wá ni "o" ara ojú gbà lọ? Ọmọ Ìjẹ̀bú kò gbọdọ̀ bi mí ní ìyẹn, torí lọ́jọ́ kẹta ọdún Iléyá la máa ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: Ojúde Ọba, àjọ̀dún tó ti lé ní ọdún 100, tí àwọn Mùsùlùmí ìlú fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀. Ojú àti òde ni. Fáwẹ̀lì kan yẹra fún èkejì.

Ẹ óò gbọ́ fín nínú fínnífínní náà: ẹni tó ṣàlàyé fínnífínní kò fo ohunkóhun. Ojú sì kọjá èyí tí a fi ń ríran. Ojú ilé ń bẹ, ojú aṣọ ń bẹ, ìyẹn ibi tí àlejò kọ́kọ́ rí. Afínjú ni ẹni tí ojú nǹkan rẹ̀ mọ́ tónítóní: ara rẹ̀, aṣọ rẹ̀, ìdáná rẹ̀.

Ọ̀bùn ni òdìkejì. Àwọn àgbà ní: "Afínjú wọ ọjà, ó ń rìn gbẹndẹkẹ, ọ̀bùn wọ ọjà, ó ń rìn ṣùẹ̀ṣùẹ̀, ọ̀bùn ṣùẹ̀ṣùẹ̀ ni yóò ru ẹrù afínjú relé." Òwe náà le, àánú ọ̀bùn a sì máa ṣe mí. Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba ẹni tí àwọn baba wa ń yẹ́ sí.

Wọ́n sì ní ìdí. Gààrí Ìjẹ̀bú, iṣẹ́ afínjú gbáà ni. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rọ ọ́ sápò. Ibi tí sùúrù wà nìyí: àpò á wà nílẹ̀ fún ọjọ́ 3 sí 5, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lè kan dáadáa, kí omi rẹ̀ sì ro dànù. Ẹni tó bá kánjú, gààrí rẹ̀ kò ní kan bó ṣe yẹ. Wọ́n á wá fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, wọ́n á yọ pàǹtí, wọ́n á yan án láìfi epo pupa sí i. Bó bá yan tán, wọ́n tún lè jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó ṣe kúnná, tó funfun, tó kan, tó gbẹ táútáú nìyẹn, tí wọ́n fi ń béèrè rẹ̀ lórúkọ káàkiri Nàìjíríà. Ní Ṣágámù náà, ẹ wo àwọn tó ń ṣa gbànja kó tó lọ sí òkè Ọya: ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò, torí kòkòrò inú obì kan lè ba odidi agbọ̀n jẹ́.

Ẹni tí nǹkan kan kì í tẹ́ lọ́rùn, tó ń fi ìyọnu dá ará ilé lágara, orúkọ tirẹ̀ ni aláṣejù. Ṣe àti jù ló di àṣejù. Oní tó wá síwájú rẹ̀ yí padà, bí oní àti aṣọ ṣe di aláṣọ. Kò sí ojú kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Jù ló wà níbẹ̀: ó ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró. "Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́." N kò tíì gbọ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún afínjú, ó sì ń dùn mí bí a ṣe ń da àwọn méjèèjì pọ̀.

Bí ìyàwó ilé bá tún ìkòkò fọ̀ kó tó se ìkọ́kọrẹ́, tó ṣa gbogbo èèpo kúrò lára ewùrà, afínjú ni, ẹ kí i kú iṣẹ́. Bí ọkọ bá ní òun ò jẹ ẹ́ torí àwo kò bá aṣọ tábìlì mu, aláṣejù nìyẹn. Bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, bá tún fìlà ara wọn ṣe kí wọ́n tó yọ sí Ojúde Ọba, afínjú ni wọ́n. Bí wọ́n bá lé ẹlẹgbẹ́ wọn padà sílé torí àwọ̀ bàtà rẹ̀ fi díẹ̀ yàtọ̀, wọ́n ti ṣe é jù.