Ta Ni Yóò Jẹ́rìí sí Géèmù Àtijọ́?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Géèmù kan tó jáde ní ilẹ̀ Japan lọ́dún 1978 ni mo fẹ́ gbà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Space Invaders ni orúkọ rẹ̀, Tomohiro Nishikado ló ṣe é. Ọ̀tá 55 ló tò sókè, wọ́n ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá bá ọ. Bí o bá ṣe ń pa wọ́n ni àwọn tó ṣẹ́ kù ń yára sí i. Nígbà tó bá ku ẹyọ kan, eré tete ló ń sá, àyà rẹ náà á sì máa já.

Ẹni tó bá wò ó á sọ pé ẹni tó ṣe géèmù náà ló jókòó, tó ro ó, tó ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ̀rọ ìgbà náà kò lágbára tó láti sún gbogbo ọ̀tá 55 lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n ṣe ń kú, ẹrù ń fúyẹ́ lórí ẹ̀rọ, àwọn tó kù sì ń yára. Nishikado kíyè sí i, ó rí i pé ó dùn, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àìlera ẹ̀rọ ló di adùn géèmù.

Ẹ wá jẹ́ kí á sọ pé ẹnìkan fẹ́ tún géèmù yìí gbé jáde lónìí, lórí ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ ju ti ìgbà náà lọ fíìfíì. Ó ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe wà, ó fi ohùn rẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò mọ àṣírí yìí. Ọ̀tá kan ṣoṣo tó kù á máa rìn bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn. Gbogbo ohun tí ojú lè rí pé síbẹ̀, géèmù ti lọ. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn lórí èwo ló dára jù, ẹ̀rọ àtijọ́ tàbí ẹ̀dà tuntun, kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá ní òun jọ ti àtijọ́, ta ni yóò jẹ́rìí sí i?

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé géèmù àtijọ́ wá sórí ẹ̀rọ òde òní kò pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni emulator, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sín ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ débi pé géèmù inú rẹ̀ á rò pé ilé òun lòun ṣì wà. Àwọn kan ń tún géèmù náà kọ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn, bíi àwọn tó wà nídìí MiSTer, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe àwọn olùfẹ́ géèmù àtijọ́, ń lo FPGA, ìyẹn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí a lè tún ọ̀nà iná inú rẹ̀ là títí yóò fi máa ṣe bíi ti ẹ̀rọ àtijọ́. Ọ̀nà yòówù tí wọ́n bá gbà, ìbéèrè ẹlẹ́rìí yẹn ló ń dúró dè wọ́n níwájú.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ọdún 1984 ni Nintendo gbé Duck Hunt jáde, géèmù tí a ti ń fi ìbọn oníke yin pẹ́pẹ́yẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó gbá a lọ́mọdé rò pé ìbọn ló ń ta nǹkan sí tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n ló ń ta ìmọ́lẹ̀ sí ìbọn. Bí o bá ti fa ìbọn, ojú tẹlifíṣọ̀n á ṣókùnkùn fún àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà àpótí funfun kan á yọ níbi tí pẹ́pẹ́yẹ wà. Ojú kan wà lẹ́nu ìbọn tó ń wá ìmọ́lẹ̀ yẹn. Bó bá rí i, ọta rẹ bà á nìyẹn.

Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, àwọn tó sanra lẹ́yìn yẹn, máa ń ya àwòrán ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bí àmì bá ṣe ń dé láti inú ẹ̀rọ ló ń yà á. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ti òde òní máa ń kọ́kọ́ gba àwòrán, á tún un ṣe, kó tó gbé e síta. Kó tó parí iṣẹ́ yẹn, ìbọn ti wò, kò rí nǹkan kan, ó ti pa ojú rẹ̀ dé. Ìbọn kò bàjẹ́, káàtírììjì tí géèmù wà nínú rẹ̀ kò bàjẹ́, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, síbẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ kan kò ní jábọ́ láéláé. Nígbà tí Duck Hunt padà jáde lórí Wii U, ẹ̀rọ Nintendo mìíràn, lọ́dún 2014, ọ̀pá Wii ni wọ́n fi rọ́pò ìbọn. Inú mi dùn pé àwọn ọmọ tí kò bá ẹ̀rọ àtijọ́ láyé rí i gbá. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn yẹn, tó jẹ́ pé òun gan-an ni iṣẹ́ àrà inú géèmù náà, kò bá a wá.

Irú rẹ̀ wà nínú Sonic the Hedgehog ti ọdún 1991. Mega Drive, ẹ̀rọ Sega tó gbé e, kò ní ọ̀nà tó rọrùn láti ya ohun tí ojú lè là kọjá, bíi omi tàbí gíláàsì. Àwọn ayàwòrán wá ya omi tó ń já láti orí àpáta ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ilà kan omi, ilà kan àlàfo. Wáyà tí wọ́n ń fi so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà náà máa ń pò àwọ̀ mọ́ra wọn díẹ̀, àwọn ilà yẹn á sì para pọ̀, á di omi tí Sonic ń hàn lẹ́yìn rẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n òde òní tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, ilà lásán lèèyàn ń rí. Mo ti gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ó dùn mí gan-an, nítorí ẹni tó ya omi yẹn mọ ojú tẹlifíṣọ̀n tó ń yà á fún, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dé ojú ààmì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn tó ni géèmù ló máa ń mọ̀ ọ́n jù. Lọ́dún 2012, Konami, ilé iṣẹ́ tó ni géèmù adẹ́rùbani Silent Hill, gbé Silent Hill 2 àti 3 jáde lákọ̀tun. Nínú Silent Hill àkọ́kọ́, ti ọdún 1999, kùrukùru tó bo ìlú ló ń fi ohun tí PlayStation kò lágbára láti yà pamọ́, òun náà ló sì di ẹ̀rù géèmù yẹn: o kò mọ ohun tó ń bọ̀. Àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ̀dà tuntun fún kò rí ètò tó parí gbà, èyí tí iṣẹ́ kò tíì pé lórí rẹ̀ ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Nínú Silent Hill 2 tuntun, kùrukùru fẹ́lẹ́, àwọn ibi tó yẹ kó fara pamọ́ sì yọ síta gbangba. Ètò tí iṣẹ́ pé lórí rẹ̀ ti sọnù lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, àfi inú àwọn díìsì tó ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn káàkiri ayé. Ẹ ronú sí ìyẹn.

Lọ́dún 2018, Sony ta PlayStation Classic, àpótí kékeré tó ní géèmù 20 nínú. Mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ ẹ̀dà ti Yúróòpù, tó ń ya àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan dípò 60, nítorí bí iná àti tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ ṣe rí nígbà náà. Ẹni tó ti gbá wọn lórí ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tàbí ti Japan mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ń falẹ̀. Emulator tó sì wà nínú àpótí yẹn, PCSX ReARMed, iṣẹ́ àwọn olùfọkànsìn tó ń kọ ètò sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Mi ò sọ pé ẹ̀dà tuntun kò lè dára o. Atari 50, àkójọ géèmù Atari tí ilé iṣẹ́ Digital Eclipse ṣe lọ́dún 2022, to géèmù pọ̀ mọ́ àwòrán, ìwé àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó ṣe wọ́n, débi pé èèyàn á mọ ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí. Ilé iṣẹ́ M2 ní Japan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún hàn pé èèyàn lè fara balẹ̀ ṣe é. Ohun kan sì wà tí ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè ṣe fún wa: Star Fox 2, géèmù tí wọ́n ti ṣe parí, ti wà nílẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1990, Nintendo kò tà á. Ọdún 2017, nínú Super Nintendo kékeré tí wọ́n tún ṣe, ni gbogbo ayé kọ́kọ́ rí i rà.

Ẹ̀rọ àtijọ́ náà sì ń kú. Kapásítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná, inú Game Gear, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká ti Sega, máa ń jò, omi rẹ̀ a sì máa jẹ ọ̀nà iná tó wà nídìí rẹ̀. Ojú iná tó ń ka díìsì nínú PlayStation máa ń rẹ̀. Bátìrì kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí owó ẹyọ ló ń tọ́jú ibi tí o gbá a dé nínú ọ̀pọ̀ káàtírììjì. Mo ní ọ̀kan tí mo gbá látìgbà ọmọdé, tí ibi tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ gbá a dé wà nínú rẹ̀, orúkọ wa méjèèjì lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo tàn án, òfìfo ni mo bá. Mo pààrọ̀ bátìrì náà, géèmù ń ṣiṣẹ́ títí dòní, àmọ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi kò padà síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣe é fẹ̀yìn tì. Ilé ìtajà Wii ti ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Ti 3DS àti Wii U kò ta nǹkan mọ́ láti ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2023. Super Mario 3D All-Stars, tí Super Mario 64 wà nínú rẹ̀, kò ju oṣù mẹ́fà àti díẹ̀ lọ lórí igbá, wọ́n sì ti kéde ọjọ́ tí wọn yóò kó o kúrò kó tó jáde rárá. Ní ìpínlẹ̀ California, òfin kan tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2024 ní kí oníṣòwò jẹ́ kó hàn sí oníbàárà pé àṣẹ láti lò ó ló ń rà, kì í ṣe ohun náà gan-an.

Ìwádìí kan tí Video Game History Foundation àti Software Preservation Network gbé jáde lọ́dún 2023 fi hàn pé nínú àwọn géèmù tó jáde ní Amẹ́ríkà kí ọdún 2010 tó dé, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sí lórí igbá mọ́. Nítorí náà, gbogbo àríyànjiyàn wa lórí bóyá ẹ̀dà tuntun dára, orí ìdá 13 yòókù la ti ń ṣe é. Àwọn ilé ìkàwé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn olùwádìí lè lo géèmù tí kò sí ní ọjà mọ́ láti ibi tí wọ́n bá wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ̀ fún wọn. Mo rò pé wọ́n ṣe ohun tí kò tọ́.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Super Mario Kart ti ọdún 1992 ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú káàtírììjì rẹ̀ tó ń ṣe ìṣirò fún un. Ètò inú ẹ̀rọ kékeré yẹn kò ṣe é kà láti ìta, àwọn tó ń kọ emulator ń méfò ohun tó ń ṣe ni. Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ìméfò ni. Àwọn tó wà nídìí emulator bsnes wá ṣètò kí wọ́n wá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí, kí wọ́n fi ásíìdì jẹ ìbora rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi maikirosikóòpù ya inú rẹ̀, kí wọ́n sì ka ètò náà láti ojú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ náà kú sórí tábìlì, ó sì jẹ́rìí kó tó kú. Láti ọjọ́ yẹn, ìméfò parí.

Ìdí tí mo fi ń tọ́jú ẹ̀rọ àtijọ́ nìyẹn, tí mo sì fi ń bẹ ẹni tó bá ní ọ̀kan sílé pé kó má jù ú. Kó yọ bátìrì rẹ̀ kó tó jò. Kó gbé e síwájú tẹlifíṣọ̀n tó sanra lẹ́yìn, bó bá ṣì ní, kó ya fídíò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣe ẹ̀dà tuntun, ẹ jẹ́ kí àìlera ẹ̀rọ ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kùrukùru àti ìfalẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tún nǹkan kan ṣe, ẹ kọ ohun tí ẹ tún ṣe sílẹ̀.

Nígbà tí mo parí, obìnrin kan tó jókòó níwájú na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo lẹ̀yin fúnra yín ń gbá nílé?"

Mo dá a lóhùn pé ẹ̀dà tuntun ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ó wà nítòsí, kì í sì í bà mí lẹ́rù pé yóò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, géèmù kan náà, ọ̀kan lórí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, èkejì lórí ti àtijọ́. Ọ̀gbun kan wà nínú rẹ̀ tí mo ti mọ̀ láti kékeré. Lórí ẹ̀dà tuntun, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo jìn sínú rẹ̀. Mo ṣí lọ sídìí ti àtijọ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo fò ó kọjá lẹ́ẹ̀kan. Àtàǹpàkò mi ṣì mọ ìgbà tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Ojú tẹlifíṣọ̀n tuntun ló ń pẹ́ kó tó dá a lóhùn.