Kí Ló Kàn? Ọ̀rọ̀ Pẹ̀lú Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Ń Ṣe Géèmù ní Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ kan sọ ní Kàbà nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tó wà ní Ìsánlú, Mọpà àti Ẹ̀gbẹ̀ tí ọ̀nà kò jẹ́ kí wọ́n dé. Mo yọ àwàdà kan kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ìdí.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń wọlé sórí fóònù mi ju gbogbo ìyókù lọ: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe géèmù mi dé ibi báyìí, kí ló kàn?" Ẹni tó ń béèrè á fi fídíò tì í lẹ́yìn. Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan láti Ìyàgbà fi tiẹ̀ ránṣẹ́. Ọdẹ kan dúró nínú igbó, fìlà rẹ̀ ń mì lẹ́lẹ́, ìbọn rẹ̀ ń dán, kódà ó ya àwọn oògùn tó so mọ́ ẹ̀wù ọdẹ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́ta ló fi yà á. Mo ní ó dára gan-an, kó jẹ́ kí ọdẹ fò kí n rí i. Ó ní kò tíì lè fò. Kó jẹ́ kó rìn ńkọ́? Kò tíì lè rìn. Mo ní kó fi ìwé ohun tó fẹ́ ṣe lẹ́yìn náà hàn mí. Ohun tó wà lókè pátápátá ni bàtà ọdẹ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, gbogbo wa la ti ya bàtà ọdẹ rí. Iṣẹ́ tó mọ́ni lára lọwọ́ ẹni máa ń sáré lọ bá, a ó sì máa pe ìyẹn ní ìtẹ̀síwájú. Tèmi, bí mo bá fẹ́ mọ ohun tó kàn nínú iṣẹ́ géèmù, mo máa ń wá ìbéèrè kan tí n kò tíì mọ ìdáhùn rẹ̀, tó jẹ́ pé bí ìdáhùn náà bá lọ jẹ́ rárá, gbogbo iṣẹ́ tó kù di òfò. Èyí tó lè pa géèmù náà ni mo ń wá. Ibẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀.

Àwọn ìyá wa tó ń hun aṣọ ní Bùnú kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Lórí òfì tó dúró lóòró, òwú tó ń lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ ta. Wọ́n á kà á, wọ́n á wo fífẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó mú èyí tó ń gba ìbú kọjá. Bí kíkà yẹn bá ṣì, kò sí ọnà tí wọ́n lè dá sí i tó lè gbà á sílẹ̀, títú ni wọ́n máa tú u.

Ẹ jẹ́ ká fi ayò ṣe é. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ká ní ìwọ fẹ́ ṣe ayò orí fóònù, ṣùgbọ́n o fẹ́ fi àrà tìrẹ kún un: bí eré bá ṣe ń lọ, ihò kan á dí, ọmọ ayò kò ní lè wọ ibẹ̀ mọ́. Ìbéèrè tó lè pa géèmù yìí ni pé, ṣé ihò tó dí yìí mú ayò dùn sí i, àbí ó bà á jẹ́? O kò nílò kọ̀ǹpútà láti mọ̀ ọ́n. Gbẹ́ ihò 12 sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣa òkúta wẹ́wẹ́, fi ewé bo ihò kan, kí o pe àbúrò rẹ. Ẹ ta á lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bó bá ní kí ẹ tún ta ọ̀kan sí i, o ti rí ìdáhùn. Bó bá ní òun fẹ́ lọ pọn omi, o ti rí ìdáhùn náà.

Èyí ni wọ́n ń pè ní prototype. Nígbà tó bá dé orí kọ̀ǹpútà, àpótí onígun mẹ́rin ni kí ọdẹ jẹ́, àpótí mìíràn ni kí ẹkùn jẹ́. Bí ojú bá ń tì yín láti fi àpótí han ènìyàn, ẹ yá àwòrán lò. Ẹ rántí pé àwọn tó ń hun aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àgbà ní Bùnú láyé àtijọ́ kò jókòó de ìgbà tí òwú pupa máa hù lóko wọn. Aṣọ pupa tó ti òkèèrè dé, títí kan búláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù, ni wọ́n ń tú, tí wọ́n ń fi òwú rẹ̀ hun tiwọn. Kò sì sí ẹni tó pe aṣọ náà ní aṣọ òyìnbó. Lónìí, Kenney, ẹnì kan tó ń ṣe ohun èlò géèmù, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán àti ìró sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ CC0, ìyẹn àṣẹ tó ní kí ẹnikẹ́ni lò ó bó ṣe wù ú, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè fi wọ́n sínú géèmù tí ẹ máa tà. Ẹ tú òwú yẹn lò. Bàtà ọdẹ á dúró dè yín.

Bí eré bá ti dùn pẹ̀lú àpótí, ìbéèrè á yí padà. Ó wá kan pé: ṣé mo lè ṣe é kó pé, ọjọ́ mélòó ni yóò sì gbà mí? Alásè tó fẹ́ se fún ìnáwó ńlá, tí kò lo irú ẹran yẹn rí, á kọ́kọ́ se ìkòkò kékeré kan, pẹ̀lú ata rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀, ẹran rẹ̀, kó tó ra ìyókù. Ìkòkò kékeré yẹn ni àwọn onígéèmù ń pè ní vertical slice: ìpele kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n tí àwòrán, ìró, bọ́tìnì àti òpin rẹ̀ ti pé bí ẹni pé ọjà ni. Lẹ́yìn náà ni ìṣirò. Bí ìpele kan bá gbà yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹ sì kọ ìpele 40 sínú ìwé yín, ọ̀sẹ̀ 120 nìyẹn, ó lé ní ọdún méjì. Ta ló máa bọ́ yín fún ọdún méjì? Ibẹ̀ ni 40 ti máa ń di 12.

Mark Cerny, tó wà lára àwọn tó ṣe géèmù Crash Bandicoot, sọ̀rọ̀ lórí èyí níbi D.I.C.E., àpérò àwọn onígéèmù, ní 2002. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ yìí, tí a ń wá ohun tí géèmù náà jẹ́, kò ṣeé fi kàlẹ́ńdà dè. Kí a ṣe ìpele díẹ̀ kó pé pérépéré, kí a wò ó, kí a wá yàn bóyá ká máa lọ tàbí ká dà á nù. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ara yín ra dátà, ẹ fi gbèdéke sí i: oṣù kan, kò jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo géèmù méjì. E.T. ti ilé-iṣẹ́ Atari, ní 1982, ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n fún ẹni tó ṣe é, nítorí wọ́n fẹ́ kó bá Kérésìmesì. Kò sí àyè láti fi han ẹnikẹ́ni kí wọ́n tún un ṣe. Àwọn tó ń fi géèmù náà ṣeré ń já sínú kòtò, wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa jáde. Ọdún kejì ni wọ́n kó ẹrù rẹ̀ tí kò tà lọ sin sí aṣálẹ̀ Alamogordo ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì hú díẹ̀ nínú rẹ̀ ní 2014. Duke Nukem Forever ṣe òdìkejì. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 1997, wọ́n yí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù náà, padà ní 1998, ó sì di 2011 kó tó jáde. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín wà lórí ẹ́ńjìnnì Unity títí di àná, wọ́n ti ń wo ẹ́ńjìnnì Unreal lónìí nítorí fídíò kan tí wọ́n rí. Mo ń wò yín o.

Ti ẹ́ńjìnnì, tí láptọ́ọ̀pù yín bá ti darúgbó, ẹ lo Godot. Láti 2014 ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹ kò ní san kọ́bọ̀, ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn fáìlì tó ń gbé géèmù jáde sórí fóònù Android wúwo ju Godot fúnra rẹ̀ lọ, ẹ wà wọ́n jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá dára.

Ìgbà tí a ń kọ́ ìyókù ìpele kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, iṣẹ́ ni. Alpha ni ìgbà tí gbogbo nǹkan ti wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ rí wúruwùru. Beta ni ìgbà tí a kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan tuntun kún un mọ́, àṣìṣe nìkan là ń tún ṣe. Àwọn tó ń sọ pé àwọn wà ní beta, tí wọ́n sì ń fi ohun ìjà tuntun sí i, ara wọn ni wọ́n ń tàn.

Ohun kan tó dùn mí: mo pàdánù iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rí. Wọ́n mú iná lọ, wọ́n dá a padà, wọ́n tún mú un lọ, díìsìkì láptọ́ọ̀pù mi sì kú. Mo rò pé Git, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe iṣẹ́ ẹni, èyí tí Linus Torvalds ṣe ní 2005, ti ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni. Irọ́ ni. Ẹ lè ṣe commit, ìyẹn kí ẹ fi iṣẹ́ yín pamọ́ bó ṣe wà, sórí láptọ́ọ̀pù láìsí dátà kankan, kí ẹ wá ṣe push, ìyẹn kí ẹ fi ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ẹ bá rí nẹ́tíwọ̀kì. Ìdajì méjèèjì ló ṣe pàtàkì, nítorí ti orí láptọ́ọ̀pù nìkan máa bá díìsìkì kú.

Ó wá kan àwọn tó máa bá yín dán an wò. Mo gbé géèmù mi fún àǹtí mi tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà. Ó gba fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ igi. Igi tí mo yà sí ẹ̀yìn lásán! Mo ní, "Àǹtí, bọ́tìnì wà lápá ọ̀tún." Àṣìṣe mi nìyẹn. Ṣé mo máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tó bá wà á jáde? Igi yẹn ló jọ bọ́tìnì ju bọ́tìnì lọ, àǹtí mi ló sì sọ fún mi láìmọ̀. Ẹ gbé fóònù fún wọn, ẹ mú bírò, ẹ panu mọ́.

Ẹ má sì fi wíwá wọn sí ìparí. Google Play ń gba dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbé géèmù síbẹ̀, ìyẹn kò ṣòro tó èyí tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ṣí àkáǹtì tara rẹ̀ láti ìparí 2023 gbọ́dọ̀ ní ènìyàn tó ń dán géèmù náà wò fún ọjọ́ 14 tẹ̀léra-tẹ̀léra kó tó lè béèrè pé kí wọ́n gbé e síta. 20 ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, wọ́n ti dín in kù sí 12. Ènìyàn 12, bí ihò ọpọ́n ayò. Ó rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí 12 má yọ ọ́ kúrò lórí fóònù wọn kí ọjọ́ 14 tó pé. Láti alpha ni kí ẹ ti máa kọ orúkọ wọn.

Nígbà tí mo parí, ọmọbìnrin kan láti Ìyàrà dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti di ọdún kan tí mo ti wà lórí tèmi. Ṣé kí n jù ú nù ni, àbí kí n fi orin sí i?" Mo bi í pé ta ló ti fi géèmù náà ṣeré rí. Ó ní òun nìkan. Mo ní orin kọ́ ló kàn nígbà náà, jíjù nù náà kọ́. Mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ wá.

Ọmọ kékeré kan wà níwájú tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, tí kò gbọ́ nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí mo sọ. Òun ni mo gbé e fún. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó yí fóònù náà sódì. Ọmọbìnrin náà la ẹnu. Mo fi ìka lé ètè mi. Ó pa ẹnu dé, ó sì na ọwọ́ sí mi pé kí n yá òun ní bírò.