Ife Fàdákà Nínú Àgọ́ Ogun

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1777, ọ̀gágun George Washington, tó ń darí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nínú ogun òmìnira tí wọ́n ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà, kó dọ́là fàdákà 16 fún Edmund Milne, alágbẹ̀dẹ fàdákà kan ní Philadelphia, pé kó yọ́ wọn, kó fi rọ ife 12 tí òun yóò máa lò nínú àgọ́ ogun. Oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Philadelphia. Kí ọdún náà tó parí, Washington ti wà ní Valley Forge, àgọ́ tí wọ́n pa sí nígbà òtútù, ebi ń pa àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí bàtà wọ̀.

Àwọn kan ń sọ pé fáàrí ló ń ṣe. Mo ti ń ta kò wọ́n tipẹ́, mo sì tún ta kò wọ́n lónìí nínú àsọyé yìí. Wọn ò mọ ohun tí tábìlì olórí ogun wà fún ni. Àwọn aṣojú Congress, ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, ń wá wo bí nǹkan ṣe rí. Àwọn ọ̀gá ológun Faransé ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn ni Amẹ́ríkà ń bẹ̀ kó dá sí ogun náà. Ta ni yóò fi owó àti ọmọ ogun ran ẹni tó ń jẹun bí ìsáǹsá lọ́wọ́? Iṣẹ́ ìjọba ni àlejò ṣíṣe nínú àgọ́ yẹn.

Owó náà kò sì sọnù. Fàdákà tó di ife ṣì lè padà di owó. Ẹ wo Faransé: ní 1759, nígbà tí ogun gbówó lórí, ọba wọn, Louis XV, kó àwo fàdákà rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń rọ owó, ó sì ní kí àwọn ìjòyè ṣe bẹ́ẹ̀. Baba ńlá rẹ̀, Louis XIV, ti ṣe é ní 1689 àti 1709. Àwo amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjòyè padà ń lò.

Àkókò ti ń lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kàn dárúkọ olórí ogun mìíràn tó gbé fàdákà lọ sójú ogun: ní ogun Culloden ní Scotland, 1746, àpótí ohun ìjẹun fàdákà Charles Edward Stuart, ọmọ ọba tó ń du adé Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Edinburgh lónìí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1779, Washington kọ̀wé ẹ̀fẹ̀ sí dókítà John Cochran kí àwọn obìnrin kan tó wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀: àwo òun tó jẹ́ páànù tẹ́lẹ̀ ti di irin, kì í sì í ṣe fífọ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá kan dìde láàárín àwọn tó ń gbọ́ àsọyé mi, wọ́n ní: “Ta ló wá ń fọ̀ ọ́?”

Ẹ ṣeun, mà. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀, mo sì pa ìyókù ọ̀rọ̀ mi tì nítorí rẹ̀. Ẹrú ni Hannah Till nígbà tó ń dáná fún Washington nínú ogun yẹn. Òun àti Isaac ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ra ara wọn padà. Ẹrú ni William Lee tó ń tẹ̀ lé ọ̀gágun náà káàkiri títí ogun fi parí. Ogun tí wọ́n ní àwọn ń jà fún òmìnira ni o! Lee dúró di 1799, tí Washington kú. Nínú gbogbo ẹrú Washington, òun nìkan ni ìwé ìhágún rẹ̀ dá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.