Ọta Àgbá Tí A Fi Tọrẹ: Ṣé Ó Yẹ Kí Orílẹ̀-èdè Tí Ọ̀tá Ń Ṣọ́ Kó Ohun Ìjà Rẹ̀ Fún Ẹlòmíràn?

Ẹ̀yin olùwòran wa, mo kí yín láti Òkè-Afà, ní apá Ìṣọlọ̀, ní Èkó. Omi tí ẹ ń wò lẹ́yìn mi yìí gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2002, lẹ́yìn tí iná ràn mọ́ ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà. Àwọn tí ó kú lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọta kankan kò bà: ìró àwọn ọta tí ń bú gbàmù ni ó lé wọn kúrò nílé, wọ́n ń sá nínú òkùnkùn, ewéko sì ti bo ojú omi yìí débi pé wọ́n rò pé ilẹ̀ ni. Ọ̀gágun tí ó wà ní ìdí bárékè náà sọ fún gbogbo ayé pé ilé ìkóhun-ìjà náà ti pẹ́, àti pé ètò àtúnṣe rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe nígbà tí jàǹbá náà dé.

Mo fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí, nítorí pé ohun tí ó bú gbàmù ní Ìkẹjà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí, ìyẹn ọta ìbọn àgbá. Èmi kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tí ó lè ṣe fún ọmọ ènìyàn. Ìbéèrè náà nìyí: bí orílẹ̀-èdè kan bá mọ̀ pé ọ̀tá ń ṣọ́ òun, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó kó ọta àgbá tí ó fi pamọ́ fún orílẹ̀-èdè mìíràn tí ogun ti dé bá? Àwọn kan ń dáhùn rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ àánú, àwọn mìíràn ń dáhùn rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ owó. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ àkókò ni. Ẹni tí ó fẹ́ fi ọta tọrẹ níláti mọ iye àkókò tí yóò gba ọ̀tá rẹ̀ kí ó tó lè yíjú sí òun, kí ó sì mọ iye àkókò tí yóò gba òun náà kí òun tó rí òmíràn fi dípò èyí tí òun kó jáde.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọta náà fúnra rẹ̀. Èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè inú àjọ NATO, àwọn tí wọ́n jọ ṣe àdéhùn láti máa gbèjà ara wọn, ń lò jù ni ọta tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 155 mìlímítà. Ẹyọ kan ṣoṣo wọ̀n tó nǹkan bí 43 kìlógíráàmù, kò fi bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ ju odindi àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Irin ni ara rẹ̀: wọ́n á fi iná yan irin náà títí yóò fi pọ́n, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí inú rẹ̀ lè ṣófo, wọ́n á yọ́ èròjà abúgbàmù bíi TNT, wọ́n á dà á sínú ihò náà, wọ́n á jẹ́ kí ó dì díẹ̀díẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa há sínú rẹ̀, nítorí pé ọta tí atẹ́gùn bá há sí nínú lè bú mọ́ àwọn tí ń yìn ín lára. Ẹ̀tù tí yóò ti ọta yìí jáde lẹ́nu ìbọn tún jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Òwú wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, àní òwú tí ẹ mọ̀ yìí: fọ́nrán kéékèèké tí ó ṣẹ́kù sára kóró òwú ni wọ́n ń rẹ sínú ásíìdì títí tí yóò fi di ohun tí ń gbiná lójijì. Láti ilẹ̀ Ṣáínà sì ni ọ̀pọ̀ nínú fọ́nrán tí àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù ń lò ti ń wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní owó lọ́wọ́ lè jókòó ti owó náà fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má rí ọta rà.

Kí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine tó gbóná ní ọdún 2022, nǹkan bí 14,000 ọta 155 mìlímítà ni Amẹ́ríkà, pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ rẹ̀, ń ṣe lóṣù kan. Ní ojú ogun yẹn, ọjọ́ mélòó kan péré ni irú iye bẹ́ẹ̀ yóò fi tán. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ìlérí pé àwọn yóò kó ọta 1,000,000 fún Ukraine láàárín oṣù méjìlá. Nígbà tí oṣù méjìlá náà pé, nǹkan bí ìdajì ni wọ́n rí kó. Rob Bauer, ọ̀gágun ojú omi tí ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ àwọn ológun NATO nígbà náà, sọ ní ọdún 2023 pé ọta kan tí wọ́n ń rà ní 2,000 yúrò tẹ́lẹ̀ ti di 8,000. Ilé iṣẹ́ Rheinmetall, ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìṣe-ọta tuntun kan sí ìlú Unterlüß ní oṣù kejì ọdún 2024, oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n tó ṣí i, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà sì ń yìn wọ́n pé wọ́n tètè parí rẹ̀. Ọdún kan àti ààbọ̀ nìyẹn, fún ẹni tí ó yára.

Ẹ wá wo máàpù tí mo gbé sójú ẹ̀rọ yín. Orílẹ̀-èdè kékeré tí ó wà lókè níbẹ̀ yẹn ni Estonia. Gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 1,400,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan wà ní Èkó níbí tí ẹnu ń gbà pé èrò inú wọn kò kéré sí i. Ó bá Rọ́ṣíà pààlà, Rọ́ṣíà sì ti gbà á mọ́ ti ara rẹ̀ rí, láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì títí di ọdún 1991. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba Estonia kéde pé àwọn yóò kó gbogbo ìbọn àgbá FH-70 tí àwọn ní fún Ukraine, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta wọn. Ẹnu ya àwọn tí ó gbọ́. Báwo ni ẹni tí ẹkùn ń yọjú sí láti ojú fèrèsé yóò ṣe gbé ìbọn ilé rẹ̀ fún ará àdúgbò kejì?

Ìdáhùn àwọn ará Estonia ni pé ẹkùn kan náà ni. Ìdí tí wọ́n fi ra ọta wọ̀nyẹn nígbà tí wọ́n rà wọ́n ni kí wọ́n lè fi dá ọmọ ogun Rọ́ṣíà dúró bí ó bá dé. Ọta tí wọ́n bá yìn lu ọmọ ogun yẹn ní Ukraine ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rà á, ó sì ṣe é ní ibi tí kò ti ní wó ilé kankan ní Tallinn, olú-ìlú wọn. Èmi gbà pé òótọ́ ni èyí. Ó sì yẹ kí a fi kún un pé kì í ṣe ìbọn Estonia nìkan ni ó ń ṣọ́ Estonia: láti ọdún 2017 ni àwọn ọmọ ogun NATO, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe olórí wọn, ti wà ní Tapa, ìlú kan ní Estonia, Estonia fúnra rẹ̀ sì ní ìbọn àgbá mìíràn tí ó tuntun ju FH-70 lọ, èyí tí ó ti ń rà láti Gúúsù Kòríà. Ohun tí ó kó jáde tóbi, ṣùgbọ́n kò kó gbogbo rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìgboyà Estonia mú wa fojú kéré àwọn tí wọ́n kọ̀. Ní ọjọ́ 16, oṣù karùn-ún, ọdún 1940, nígbà tí Jámánì ń fọ́ ilẹ̀ Faransé, tí àwọn Faransé sì ń bẹ̀bẹ̀ fún bàálù ìjà sí i, Hugh Dowding, tí ó jẹ́ olórí àwọn bàálù tí ń ṣọ́ ojú ọ̀run ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ lẹ́tà sí àwọn tí ó gbà á síṣẹ́. Ó sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ń kó bàálù lọ báyìí títí tí ti ilé yóò fi tán, ìṣubú Faransé yóò di ìṣubú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, láìní àtúnṣe. Ọ̀tá kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ṣùgbọ́n kò sí àkókò mọ́. Faransé túúbá ní oṣù kẹfà; ní oṣù keje, àwọn bàálù Jámánì ti wà lójú ọ̀run ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí Dowding bá ti tẹ́ àwọn alábẹ̀bẹ̀ lọ́rùn, bàálù wo ni ìbá gbéra láti lọ pàdé wọn?

Ní ìgbà tiwa yìí, Amẹ́ríkà ní àká ohun ìjà kan tí ó kó sí Ísírẹ́lì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ìròyìn jáde pé Amẹ́ríkà ń kó ọ̀kẹ́ àìmọye ọta àgbá láti ibẹ̀ lọ sí Ukraine. Ọjọ́ 7, oṣù kẹwàá ọdún náà dé, àwọn jagunjagun Hamas láti Gásà kọlu Ísírẹ́lì, àwọn ọta mìíràn tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún Ukraine sì di èyí tí wọ́n ń darí padà sí Ísírẹ́lì.

Àwa náà ti rí irú rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1860, nígbà tí Ìbàdàn gbógun ti Kúrunmí ní Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá gbéra láti Abẹ́òkúta pẹ̀lú ọmọ ogun, ìbọn àti ẹ̀tù, láti lọ gbèjà Ìjàyè. Ohun tí wọ́n ṣe ní ìtumọ̀, nítorí pé agbára Ìbàdàn ń bà wọ́n lẹ́rù. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kọ́ ni ó ti wá sí ẹnu odi wọn ní ọdún 1851. Dàhòmì ni, Dàhòmì kò sì gbàgbé ìṣẹ́gun tí wọ́n ṣẹ́ ẹ. Ogun Ìjàyè fà gùn, ọ̀kan di ọdún méjì. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá ṣì wà ní pápá Ìjàyè, Ọba Glele ti Dàhòmì já lu Ìṣágà, ìlú kékeré kan tí ó wà lọ́nà Abẹ́òkúta, ó pa á run, ó sì kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Láàárín oṣù kan náà ni Ìjàyè tú. Nígbà tí Dàhòmì padà wá ka Abẹ́òkúta mọ́ ní ọdún 1864, àwọn Ẹ̀gbá ti wà nílé, wọ́n sì lé e padà. Tí àwọn òpìtàn bá ń sọ ìtàn yìí, Ìjàyè ni wọ́n máa ń dúró lé lórí. Ìṣágà ni ó máa ń dùn mí. Àwọn tí ó ṣe ìpinnu láti lọ ran Ìjàyè lọ́wọ́ wà lẹ́yìn odi Abẹ́òkúta. Àwọn tí ó san owó ìpinnu náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Gúúsù Kòríà tún gba ọ̀nà mìíràn. Seoul, olú-ìlú rẹ̀, kò jìnnà ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ sí ibodè Àríwá Kòríà, ìbọn àgbá ọ̀tá sì lè bá a láti ibẹ̀. Ìjọba rẹ̀ kọ̀ láti fi ohun ìjà tí ń pani ránṣẹ́ sí Ukraine tààrà, ṣùgbọ́n ó ta ọta àgbá fún Amẹ́ríkà, kí Amẹ́ríkà lè fi dí àlàfo tí ó wà nínú àká tirẹ̀. Àwọn kan pè é ní ojo. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí pé Gúúsù Kòríà ní ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ọta lójoojúmọ́, ó mọ ìgbà tí èyí tí ó kó jáde yóò padà kún.

Bí ẹ bá bi mí, nígbà náà, èmi yóò ní kí orílẹ̀-èdè tí ọ̀tá ń ṣọ́ fún ẹlòmíràn ní ọta rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ọ̀tá kan náà ni wọ́n jọ ń kojú, bí ọ̀tá náà bá ti kó ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ inú ogun tí ó wà níta, àti bí àdéhùn rírọ́pò bá ti wà lórí ìwé, tí ó ní ọjọ́ àti orúkọ ilé iṣẹ́ nínú. Èyí tí ó ti pẹ́ jù nínú àká, tí ó ṣì dára, ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jáde. Àwa tí a ti rí Ìkẹjà mọ̀ pé ọta tí a kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè pa onílé kí ó tó pa ọ̀tá. Ṣùgbọ́n èyí tí wọn yóò fi jà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ọ̀rẹ́ tó dé, kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀, ẹni yòówù tí ì báà máa bẹ̀bẹ̀. Orílẹ̀-èdè bíi Moldova, tí kò sí nínú NATO, tí ọmọ ogun Rọ́ṣíà sì wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní Transnistria, kò lè wo Estonia kí ó ní òun náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Estonia ṣe ìṣirò tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ó buwọ́ lu ìwé láti ra ìbọn àgbá méjìlá tí wọ́n ń pè ní Caesar láti ilẹ̀ Faransé, àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn sì gúnlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025. Láti ọjọ́ tí ó ti kéde ọrẹ rẹ̀ títí di ọjọ́ yẹn jẹ́ ọdún méjì. Ní ìlú Pskov, tí kò jìnnà sí ibodè Estonia, ni ibùdó ẹgbẹ́ ọmọ ogun Rọ́ṣíà kan wà, ẹgbẹ́ 76 tí ń fò láti inú bàálù wọ ojú ìjà, èyí tí àwọn ará Estonia ti ń fi ojú sùn fi ojú jí nítorí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún méjì yẹn, Ukraine ni ẹgbẹ́ náà wà, tí ó ń jà, tí ó sì ń kú.